Téèpù Orí Ìdérí

Fún ọdún mọ́kànlá tí Odelia Guillory fi ta dákírì lójú fèrèsé ilé ọtí ọ̀gbẹ́ni Dugas, kò sí ife kan tó ti ọwọ́ rẹ̀ jáde láìní téèpù lórí ìdérí. Oníbàárà kì í sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀. Á wa ọkọ̀ rẹ̀ dé ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, á sọ èyí tó fẹ́, Odelia á tẹ ẹ̀rọ, ọtí oníyìnyín á máa ṣàn jáde bí ẹ̀kọ mímu. Lẹ́yìn náà ìdérí, lẹ́yìn náà téèpù lójú ihò orí ìdérí, lẹ́yìn náà sitírọ́ọ̀ nínú bébà tirẹ̀ lọ́tọ̀. Orí ọrùn ọwọ́ òsì ni Odelia ń fi róòlù téèpù náà sí bí ẹni wọ ẹ̀gbà, tó jẹ́ pé ó máa ń gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ délé.

Òfin ni téèpù yẹn. Èèyàn lè ra ọtí ní ìlú Pointe Sèche láìtú bẹ́líìtì ìjókòó, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ gbé ọtí tó ṣí sílẹ̀ sínú ọkọ̀. Ẹni tó tà á fún ọ ló fún ọ ní sitírọ́ọ̀, òun náà ló tún fi téèpù bẹ̀ ọ́ pé jọ̀ọ́, má tíì kì í bọ ibẹ̀. Ẹ bá mi wo òfin tó jẹ́ pé téèpù tí kò gùn ju ìka lọ ni wọ́n fi ṣe ọlọ́dẹ rẹ̀. Kí ọkọ̀ tó dé ẹnu géètì ni ọ̀pọ̀ ti ń fà á mu, Odelia ń wò wọ́n, kò sì kàn án. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó lẹ̀ ẹ́, ó sì ti lẹ̀ ẹ́.

Òun ló ń kọ́ àwọn ọmọge tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́. Á na ìka sí ìwé òfin tí Dugas lẹ̀ mọ́ ògiri lókè fèrèsé, á ní, "Ẹ kà á. Ìdérí kò gbọ́dọ̀ ṣí. Sitírọ́ọ̀ kò gbọ́dọ̀ wà nínú ẹ̀. Bí ẹ bá ti rí téèpù lórí ẹ̀, ẹ lọ fọkàn balẹ̀." Ìlà méjì yẹn ló mọ̀. Kàlẹ́ńdà tí Dugas fi ń polówó ló bo ìsàlẹ̀ ìwé náà, wọ́n ya edé odò ńlá kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì sí i, kò sì sí ẹni tó ń ṣí edé wò láti mọ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Kirby Naquin wà lára àwọn oníbàárà rẹ̀. Ọlọ́pàá ni, ṣùgbọ́n ọjọ́ Sátidé tí kò sí lẹ́nu iṣẹ́ ló máa ń wá, nínú ọkọ̀ ara rẹ̀, ife ńlá, mángòrò. Odelia mọ̀ ọ́n láti ìgbà tó ti ń wọ ṣòkòtò péńpé. Bó bá ti gba ife, ibẹ̀ náà ló ti máa ya téèpù dànù, á ki sitírọ́ọ̀ bọ̀ ọ́, á fà á lẹ́ẹ̀mejì, kó tó wá sanwó.

"Àǹtí Odelia, ẹ lẹ̀ ẹ́ dáadáa o," yóò wí, "kí ọlọ́pàá má lọ mú mi."

"Kirby, ìwọ lo máa mú ara ẹ," Odelia á dáhùn, àwọn méjèèjì á sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló padà wá ń ta á lára ju gbogbo ohun yòókù lọ.

Ohun tí Odelia ní láyé kò pọ̀. Bàbá rẹ̀ ń bẹ, Bàbá Ozémé, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin, tí ẹ̀rọ ń bá kíndìnrín rẹ̀ fọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ọmọ ọmọ rẹ̀ náà ń bẹ, Zélie, ọmọ ọdún mẹ́fà. Renata, ọmọ Odelia tó jẹ́ ìyá Zélie, ti kú ní ọdún méjì sẹ́yìn, àyà ló ń dùn ún, wọ́n ní òtútù ni, kò sì jẹ́ òtútù. Bàbá ọmọ náà ń bá wọn wa epo láàárín òkun, bó bá sì wálé, oorun ló ń wá sùn. Ìyá bàbá rẹ̀, Vernell Stelly tó ń gbé ní Houston, ló ní òun fẹ́ gba ọmọ. Obìnrin náà kì í ṣèèyàn burúkú. Ó nílé, ó ní lọ́yà, ó sì ní àkókò.

Adájọ́ ti sọ̀rọ̀ ní oṣù Kejìlá. Ó ní kí ọmọ ṣì wà lọ́dọ̀ Odelia títí di oṣù Kẹfà, bí wọn kò bá sì rí nǹkan kan tó wọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí di ìgbà náà, a jẹ́ pé ó di tirẹ̀ pátápátá. Láti ọjọ́ náà ni Odelia ti ń rìn bí ẹni tó ru ẹyin. Ó ń wakọ̀ jẹ́jẹ́ débi pé katakata tí ń kó ìrèké ń yà á sílẹ̀. Ó fọ gbogbo fèrèsé ilé, ó kọ orúkọ Zélie sí gbogbo aṣọ rẹ̀, ó ń lọ sí ìpàdé òbí nílé ìwé pẹ̀lú bàtà tó ń ta á lẹ́sẹ̀. Oṣù márùn-ún kọjá, ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ọjọ́ Jímọ̀ nìkan ni Bàbá Ozémé máa ń mu ife kékeré kan, ọlọ́pẹ̀-òyìnbó. Dókítà ní kò yẹ kó ju ìmu mélòó kan lọ, bàbá náà ní dókítà ṣì kéré. Ilé ni wọ́n ti ń mu ún, lórí àga ìta. Odelia ló ń bá a ya téèpù, òun ló ń bá a ki sitírọ́ọ̀ bọ̀ ọ́, torí ọwọ́ bàbá ń gbọ̀n. Ṣùgbọ́n ní Jímọ̀ tí mo ń sọ yìí, abẹ́rẹ́ kò rí iṣan, wọ́n dá bàbá dúró nílé ìwòsàn fún wákàtí méjì lé. Nígbà tó jáde, ètè rẹ̀ ti funfun. Oòrùn oṣù Karùn-ún ń bẹ lórí ọ̀dà, inú ọkọ̀ gbóná, ife náà sì wà nínú páálí yìnyín lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Delia, fún mi níbí," ni bàbá wí.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká délé. Ó ku díẹ̀."

"Ta ló sọ fún ẹ pé mo máa délé?"

"Ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀."

"Ìmu mẹ́ta péré. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́. Jẹ́ kí n fi gba ẹ̀san."

Odelia wo àyíká. Wọn kò tíì tan ọkọ̀, ọgbà ilé ìwòsàn ni wọ́n wà. Ó ya téèpù, ó ki sitírọ́ọ̀ bọ̀ ọ́, ó gbé e sí bàbá rẹ̀ lẹ́nu. Ìmu mẹ́ta ni lóòótọ́, bàbá kò jẹ́ gba ẹ̀kẹrin. Ojú rẹ̀ là díẹ̀. Odelia yọ sitírọ́ọ̀, ó fi aṣọ nu ìdérí gbẹ, ó fa téèpù tuntun láti ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ó lẹ̀ ẹ́ sójú ihò náà, ó sì fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bó ti ń ṣe fún oníbàárà lójoojúmọ́. Lójú tirẹ̀ ife náà ti di títì padà. Gbogbo obìnrin tó ti ṣiṣẹ́ lójú fèrèsé yẹn rí ni ìbá ṣe bẹ́ẹ̀, wọn ìbá sì fọkàn balẹ̀ bíi tirẹ̀. Ó tan ọkọ̀, ó lọ mú Zélie nílé ìwé.

Lẹ́bàá oko ìrèké, níbi tí ọ̀nà ti yà sí ilé wọn, àwọn ọlọ́pàá ti gbé igi dí ọ̀nà. Wọ́n ń wo ẹni tí kò de bẹ́líìtì. Gbogbo wọn ló de bẹ́líìtì nínú ọkọ̀ Odelia, títí kan bèbí ìṣeré Zélie. Nígbà tó rí i pé Kirby ló ń bọ̀, ara rẹ̀ balẹ̀, ó yí gíláàsì wálẹ̀.

"Kirby, oòrùn yìí kò ní pa ọ́ bí?"

Kirby kò rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá rẹ̀ kan láti olú ìlú dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ká ọwọ́ gbera. "Ẹ káàsán, màdámù. Ìwé ọkọ̀ yín dà?"

Màdámù. Odelia gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó sì yí ohùn padà. "Ìwé nìyí, ọ̀gá."

"Kí ló wà nínú ife yẹn?"

"Ẹ mọ ohun tó jẹ́, ọ̀gá. Ti bàbá mi ni. Téèpù wà lórí ẹ̀."

Kirby na ọwọ́ wọlé, ó gbé ife náà sójú oòrùn. Ọtí ti dín, ó hàn lára ike. "Kò kún."

"Ṣùgbọ́n ó ní téèpù. Èmi ni mo lẹ̀ ẹ́."

"Ẹ lẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti mu nínú ẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Odelia wí. Kò tilẹ̀ rò ó. Ẹni tí kò mọ̀ pé òun jẹ̀bi kì í wá irọ́ tó máa pa.

"Èmi ni mo mu ún," Bàbá Ozémé wí láti ẹ̀gbẹ́. Ó na ọwọ́ rẹ̀ tí bándéèjì wà lára rẹ̀ síta. "Mú mi. Iṣan kò sí ńbẹ̀ mọ́, ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ nìkan ló kù tí wọn ò tíì fi wá a."

"Bàbá, kò sẹ́ni tó fẹ́ mú yín." Kirby bojú wẹ̀yìn wo ọ̀gá rẹ̀. "Màdámù, bí wọ́n bá ti mu nínú ẹ̀, ó ti ṣí nìyẹn. Téèpù kan kò lè tì í padà. Òfin ni."

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti pẹ́. Ó wà lára ògiri yín níbi iṣẹ́."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé. Ibì kan wà nínú ìwé náà tí wọ́n ti bi ọlọ́pàá bóyá ọmọdé wà nínú ọkọ̀. Odelia rí i bó ṣe gbójú sókè, tó wo Zélie, tó sì fa ìlà sí ibẹ̀. Zélie juwọ́ sí i. Nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ yí sí ọkọ̀ tó kàn, Kirby tẹ̀ síwájú, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀.

"Àǹtí, ẹ má bínú. Ọ̀gá ló dúró síbẹ̀ yẹn. Mo mọ ọ̀rọ̀ ọmọ yìí. Ọjọ́ kóòtù, màá wá fúnra mi, màá sọ fún adájọ́ pé kò sí nǹkankan ńbẹ̀, pé ẹ ò mutí. Ẹ ṣáà má dárúkọ mi ní ti fèrèsé. Ẹ ti gbọ́?"

"Mo gbọ́," ni Odelia wí. Ó tún fi ẹ ṣeun kún un.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kó tó tan ẹ̀rọ kankan, ó gun àga, ó sì ṣí edé náà sókè. Ìlà kẹta wà níbẹ̀ lóòótọ́: tàbí kí wọ́n ti mu díẹ̀ nínú rẹ̀. Bébà ibẹ̀ mọ́ ju tòkè lọ, torí kò sí ojú tó tíì kan án. Dugas wọlé bá a lórí àga.

"Ìwọ tó ń kọ́ àwọn ọmọ!" ni Dugas wí.

"Ta ló gbé kàlẹ́ńdà síbẹ̀?"

"Odelia, ká má jà. Ṣáà má mú ọ̀rọ̀ ilé ọtí mi dé kóòtù. Bí adájọ́ bá gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mu ún níwájú wa, wọ́n á tì wá pa, níbo lo máa ti rí owó tọ́mọ?"

Lọ́yà tí ìjọba fún un, ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń jẹ́ Loan Pham, ọmọ àwọn apẹja láti etí òkun, kò fẹ́ gbọ́ ìyẹn. Ó bi Odelia ní gbogbo ìbéèrè tó yẹ, ó sì dé ibi Kirby.

"Ọlọ́pàá yìí, ṣé ó máa ń ra ọtí lọ́wọ́ yín?"

Odelia wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. "Ìlú kékeré ni. Gbogbo èèyàn ló ń rà á."

"Ṣé ó máa ń mu ún nínú ọkọ̀?"

"Ó ní òun máa wá bá mi jẹ́rìí ní kóòtù."

"Ẹ jẹ́ kí n fi ìwé kóòtù pè é nígbà náà, kó má bàa lè sá."

"Rárá. Ìwé á bí i nínú. Ó ti ṣèlérí fún mi tinútinú."

"Àǹtí, ìlérí kì í bọ́ sórí àga ẹlẹ́rìí."

"Mo mọ ìyá ẹ̀," ni Odelia wí, bí ẹni pé ìyẹn ni òfin. Lọ́yà náà pa fáìlì dé. Yorùbá ní ẹní bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Odelia kò gbọ́ òwe yẹn rí ní gbogbo ayé rẹ̀, ó ṣáà lọ fi ara rẹ̀ ṣe é.

Ọjọ́ kóòtù pé. Odelia wọ bàtà tó ń ta á lẹ́sẹ̀. Bí ilẹ̀kùn bá ti dún, á yí ọrùn. Akọ̀wé ló wọlé, lẹ́yìn náà ọkùnrin kan tó wá tún ẹ̀rọ amútútù ṣe. Kirby kò wá. Ìwé tó kọ ló wá, lọ́yà Vernell sì kà á sókè, títí dé ibi tó ti fa ìlà pé ọmọdé wà nínú ọkọ̀.

Adájọ́ náà, obìnrin ni, gbé jígí ojú rẹ̀ sókè. "Ìyáàfin Guillory, ẹ mọ̀ pé wọ́n ti mu nínú ife náà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ìmu mẹ́ta. Bàbá mi ni. Èmi kò fẹnu kàn án."

"Ẹ wá fi téèpù tuntun lẹ̀ ẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Kí ló dé?"

"Kó lè di títì ni, mà."

Lọ́yà Vernell dìde. Ohùn rẹ̀ kò le rárá. Ó ní obìnrin yìí ti ń ṣiṣẹ́ téèpù bọ̀ láti ọdún mọ́kànlá, kò sí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń bo ojú ife bíi tirẹ̀ ní gbogbo àgbègbè náà. Ó ní ẹni tó bá ṣe ohun tí kò dáa lè ní òun ṣèèṣì, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe é, tó tún lẹ̀ ẹ́ padà lọ́nà tí ẹnikẹ́ni kò fi ní mọ̀, ẹ̀tàn ni ìyẹn ń jẹ́. Báyìí ni gbogbo ìṣọ́ra Odelia ṣe di ọgbọ́n àrékérekè. Bó bá ti jẹ́ ọ̀lẹ, tó fi sitírọ́ọ̀ náà síbẹ̀, wọn ìbá ní ó gbàgbé ni.

Loan Pham tẹ orí sétí rẹ̀. "Ẹ dárúkọ ẹ̀ báyìí. Ẹ sọ ohun tó ń ṣe lọ́jọ́ Sátidé."

Odelia wo ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ronú pé bóyá ọ̀nà ló dí i. Ó ronú nípa Dugas, nípa fèrèsé, nípa owó oúnjẹ Zélie. Nígbà tó fi máa la ẹnu, adájọ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ọmọ ń lọ sí Houston. Odelia lè gbà á fún ọ̀sẹ̀ méjì nígbà ẹ̀rùn, àti fún ọdún Kérésì ní ọdún méjì méjì.

Zélie di ẹrù rẹ̀ sínú páálí ife tí wọ́n kó wá láti ibi iṣẹ́. Fúnra rẹ̀ ló gba róòlù lọ́wọ́ Odelia, ó sì fi téèpù lẹ páálí náà yípo yípo títí ó fi tán.

"Kí ẹnikẹ́ni má ṣí i kí n tó débẹ̀," ni ó wí. "Màmá Delia, ṣé ó ti tì?"

"Ó ti tì, ọmọ mi."

Vernell gbá Odelia mọ́ra lẹ́nu ọ̀nà, ó sì sunkún. Odelia kò sunkún lójú rẹ̀. Inú ló ń bí i sí gbogbo èèyàn, sí Vernell tó ń sunkún lórí ohun tó gbà, sí bàbá rẹ̀ tí òùngbẹ gbẹ, sí ara rẹ̀ jù lọ. Láti ọjọ́ náà Bàbá Ozémé kò bèèrè ife Jímọ̀ mọ́. Ó kàn ń jókòó sórí àga ìta, ó ń fọwọ́ ra bándéèjì rẹ̀.

Sátidé kejì lẹ́yìn ìyẹn, Kirby yọ lójú fèrèsé. Ọkọ̀ ara rẹ̀ ló wà. Ọmọbìnrin rẹ̀ jókòó sẹ́yìn nínú àga ọmọdé, ó di irun méjì.

"Àǹtí Odelia, ẹ káàsán. Ẹ má bínú ọjọ́ yẹn. Wọ́n fi mí sẹ́nu iṣẹ́ láìrò tẹ́lẹ̀, ẹ mọ bó ṣe ń rí. Mo ní kí n pè, n kò ní nọ́ńbà yín." Ó yọ owó. "Ọmọ ńkọ́? Ó wà ní Houston? Ibẹ̀ dáa, iléèwé wọn dáa. Ìyẹn kan náà, mángòrò, ife ńlá."

Odelia mú ife ńlá. Ó tẹ ẹ̀rọ, ó bu ọtí, ó dé e. Ó fa téèpù, ó lẹ̀ ẹ́. Ó fa òmíràn, ó fi dábùú rẹ̀. Ó fa ẹ̀kẹta, ẹ̀kẹrin, títí ìdérí náà fi di funfun pátápátá, ó sì gbé e fún un.

Kirby rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ẹ ti fi gbogbo róòlù lẹ̀ ẹ́. Sitírọ́ọ̀ mi dà?"

"Ó ti tán."

Ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an ni páálí sitírọ́ọ̀ wà, ó ṣí, ó kún. Kirby wò ó. Odelia náà mọ̀ pé ó rí i.

"Àǹtí."

"Mo ní ó ti tán, ọ̀gá. Bó o bá délé, o lè fi ife mu ún, nínú pálọ̀ ẹ, lẹ́yìn tó o bá ti sọ ọmọ ẹ kalẹ̀."

Ìyẹn nìkan ni ìdájọ́ tí agbára rẹ̀ ká, ó sì dá a. Fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ó dà bí ẹni pé ìdájọ́ náà yóò mú Kirby. Ojú Kirby pọ́n, ó wo iwájú, ó wo ife. Lẹ́yìn náà ó ki èékánná bọ abẹ́ etí ìdérí, ó ṣí gbogbo rẹ̀ kúrò tòun ti téèpù, ó jù ú sórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Bí ọ̀bẹ ti wù kó mú tó, kò ní gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ó gbé ife sẹ́nu, ó mu ún bí ẹni mu omi, ó nu ètè, ó sì jọ̀wọ́ bíréèkì.

Bí ọkọ̀ náà ti ń lọ sẹ́nu géètì, ọmọ tó wà lẹ́yìn yí ojú padà, ó juwọ́. Kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ. Odelia gbé ọwọ́ sókè, ó juwọ́ sí i padà, nítorí ọmọ kò mọ nǹkankan. Ọkọ̀ tó kàn ti dé ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, wọ́n ń pè é.